Bọ́tìnnì Tí Kò Lórúkọ

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n parí àtúnṣe sáìtì ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Moyọ̀sọ́rẹ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọpọlọ òun ti ń kú lọ.

Kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń tètè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní bàọ́lọ́jì ní Barnawa, kó tó di pé àrùn ojú kan tí kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìríran rẹ̀ gbé, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó kọ́kọ́ ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí wọ́n wọn ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀, ojú òsì ti lọ, ojú ọ̀tún sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó sunkún fún ọdún kan gbáko. Ní ọdún kejì ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú ní kọ̀ǹpútà, ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ìka rìn lórí kíbọọ̀dù, tí ẹ̀rọ akàwé yóò máa ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sí i létí. Ohùn ẹ̀rọ náà yára bí ẹni tí ajá ń lé. Jonah ọkọ rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá. A máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, “Ìyá Dára, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín sọ.”

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ni búlọ́ọ̀gì. Ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara kan wà ní Kaduna tí Hajiya Hàjàrá jẹ́ alága rẹ̀, obìnrin Hausa kan tí rọpárọsẹ̀ ti mú lẹ́sẹ̀ láti kékeré. Ẹgbẹ́ náà ní sáìtì, Moyọ̀sọ́rẹ sì ni í kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ń kọ nípa ilé ìwé tó ń gba ọmọ adití, nípa bí abúké ṣe lè rí aṣọ rán tó bá a mu, nípa ojú. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́ta láìfo ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ṣì ń pè é ní olùkọ́ nítorí rẹ̀.

Sáìtì náà ti wá gbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Japhet, tó ní ọ́fíìsì sí Ungwan Dosa, sọ pé òun yóò tún un kọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó gbé e jáde, gbogbo àwọn ará ẹgbẹ́ ló ń yìn ín lórí fóònù. Hajiya fi ohùn ránṣẹ́: “Kai! Ya yi kyau, wallahi!” Ó rẹwà, ó rẹwà, ẹnu gbogbo wọn kò sọ̀ kalẹ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti gbé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà síta. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, kò lè dúró de Ọjọ́bọ̀. Dókítà ojú kan ń bọ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Trikania ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti wọn ìfúnpá ojú fún ẹnikẹ́ni tó bá wá. Bí wọ́n bá ti wọn tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, ì bá ṣì máa ríran.

Kó tó lè wọ ẹ̀yìn sáìtì náà, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó hàn sí gbogbo ayé, ẹ̀rọ ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni òun. Kó yan gbogbo àwòrán tí àtẹ̀gùn bá wà nínú rẹ̀.

Ó pe Jonah. Jonah tẹ̀ ẹ́ fún un. “Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni,” ló wí, ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ wọlé. Ó fi ìka ti kíbọọ̀dù síwájú, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀: “Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Àwòrán. Bọ́tìnnì.”

Tẹ́lẹ̀, orúkọ ni ohùn yẹn máa ń pè. Á ní “Tọ́jú rẹ̀”, á ní “Gbé e jáde”, á ní “Pa á rẹ́”, èèyàn á sì mọ èyí tí òun máa tẹ̀. Ní báyìí, kò sí èyí tó ní orúkọ nínú wọn. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ó gbìyànjú láti rántí ibi tí ohun tó ń wá máa ń wà, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá iyọ̀ nínú kíṣìnì ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó tẹ ìkẹrin. Ohùn náà dákẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ rò pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Hajiya pè é. Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni wọ́n jọ máa ń sọ.

“Malama, ina kwana,” ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́ láàárọ̀. “Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè.”

Moyọ̀sọ́rẹ béèrè pé, “Kò sí níbẹ̀ ni?”

“Mi ò rí nǹkan kan.”

Ó yẹ kó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó ní, “Wọn ò fún wa níná láti ìjẹta, Hajiya. Ẹ má bínú.” Bó ti gbé fóònù sílẹ̀ ni ara rẹ̀ gbóná. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì, tó ń parọ́ bí ọmọ kíláàsì kejì tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ dé ìdí àwọn bọ́tìnnì. Àpótí kan yọ síwájú, ó ní kó kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. Kò fẹ́ ìròyìn. Ó fẹ́ jáde. Ó tẹ̀ síwájú, inú àpótí ló wà. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, inú àpótí náà ni. Gbogbo ìka tó bá gbé, àpótí yẹn ló ń gbé e yípo, bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó fi máa bọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ tún ti wábi gbà.

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ìyá rẹ̀ ní Kabba ti ní àrùn ìgbàgbé kó tó kú. Ó ń wá ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri ilé. Báyìí náà ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, àbí? Gbogbo àwọn tó kù ló ń yin sáìtì tuntun. Bí gbogbo ọjà bá ń sọ pé ọ̀nà tẹ́jú, tó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣubú, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kò dáa?

Nígbà tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, Jonah jókòó tì í. Ó ti rí i pé kò jẹun dáadáa.

“Ìyá Dára, ṣé kí n máa bá ọ gbé e síta ni? Ìwọ á kọ ọ́, èmi á wá máa tẹ bọ́tìnnì.”

“Kí o sì máa bá mi jẹun náà. Kí o máa bá mi mí.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó lè gbá a mú. Jonah rọra dìde, Moyọ̀sọ́rẹ sì gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń lọ títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ wá ń dùn ún. Ọkùnrin tó ti mú un lápá kọjá gọ́tà fún ọdún méje, tí kò ráhùn rí.

Lọ́jọ́ Ajé, bí ilẹ̀ ti mọ́, ó kọ lẹ́tà kúkúrú sí Hajiya sórí fóònù. Ó dúpẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó ní ara òun kò le mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Ó ku kó fi ránṣẹ́ nígbà tí fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

“Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Zulaiha lorúkọ mi. Hajiya ló fún mi ní nọ́ńbà yín, don Allah, ẹ má bínú.” Ohùn ọmọbìnrin ni, Yorùbá rẹ̀ ní Ìlọrin nínú, ó sì ní Hausa nínú. Ó ní ọmọ Ìlọrin ni ìyá òun, pé ilé ìwé gíga lòun wà, àti pé wọn kò bí òun pẹ̀lú ojú tó ń ríran. “Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé ẹ ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró ni?”

“Kí ló dé tí o fi béèrè?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti tún sáìtì yẹn ṣe, mi ò lè kà yín mọ́. Mo rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Mo wá ní bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò mọ́.”

Moyọ̀sọ́rẹ fi ọwọ́ wá àga. “Zulaiha, kí ni fóònù rẹ ń sọ fún ọ?”

“Bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì. Nígbà míì á ní àwòrán.”

Àga jìnnà, nítorí náà ilẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un, ẹ̀rín náà wá di omi lójú, ó sì tún padà di ẹ̀rín. Kì í ṣe òun. Orí rẹ̀ pé. Ìka rẹ̀ pé. Ẹni tó kọ́lé ni kò fi ilẹ̀kùn sí i, kì í ṣe àlejò ni kò mọ̀ ọ́n wọ̀. Zulaiha ń pè é lórí fóònù pé, “Àǹtí? Àǹtí, ṣé kò sí?”

“Kò sí rárá, ọmọ mi. O ò mọ ohun tí o ṣe fún mi. Ó kéré tán, àwa méjì ni.”

Ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe Hajiya, ó tu gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, títí kan irọ́ iná tó pa.

Hajiya ní, “Haba, Malama. Ilé àwọn arọ ni a kọ́, a wá fi àtẹ̀gùn sí i?” Ó ní òun náà fi ojú wò ó ni, ó sì dára lójú òun. “Lọ bá Japhet lọ́la. Màá sọ fún un pé o ń bọ̀.”

Kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé Moyọ̀sọ́rẹ láti Barnawa dé Ungwan Dosa, ọ̀pá funfun rẹ̀ láàárín orúnkún, kọ̀ǹpútà rẹ̀ láyà. Nígbà tí wọ́n gun orí afárá, afẹ́fẹ́ odò fẹ́ sí i lójú. Japhet wá pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ Kogi ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí. Bí Moyọ̀sọ́rẹ ṣe ń bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ló fi ń dá a lóhùn. Ó ní kò sí ohun tó ṣe sáìtì náà, pé òun ti dán an wò lórí fóònù mẹ́rin.

“Ta ló fi ojú wò ó?” Moyọ̀sọ́rẹ bi í.

“Èmi, Mọ́mì.”

Moyọ̀sọ́rẹ ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó gbé e síwájú Japhet. “Jókòó síbí. Kọ ‘ẹ káàárọ̀’, kí o sì gbé e jáde lórí sáìtì rẹ.”

Japhet jókòó. “Ojú ẹ̀ dúdú, Mọ́mì.”

“Mi ò kì í tan iná rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Japhet rẹ́rìn-ín. Moyọ̀sọ́rẹ kọ́ ọ ní àwọn bọ́tìnnì tí ó fi ń rìn síwájú àti sẹ́yìn lórí kíbọọ̀dù, ó sì dín eré ohùn náà kù kó lè máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ gbera, bó ti máa ń ṣe nígbà ìdánwò.

Àwọn àwòrán àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ dá Japhet dúró. Ó béèrè bóyá òun lè tan iná díẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ ní rárá. Ó ní kó fi fóònù tirẹ̀ wọlé síbi ìṣàkóso kó ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó ṣí i, ó wọlé, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀: bọ́tìnnì, bọ́tìnnì. Àpótí ímeèlì gbá a mú. Ó bọ́. Ó tún gbá a mú. Moyọ̀sọ́rẹ gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe ń dún, ó gbọ́ bó ṣe ń mí gba imú. Ẹ̀rín ti tán. Ó ṣe díẹ̀, ó tẹ nǹkan kan tagbáratagbára.

“Mo ti gbé e jáde.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Tan iná wàyí, kí o wò ó.”

Ó tàn án. Níta, ẹnìkan ń polówó èso kankana. Nígbà tí Japhet máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, Yorùbá tó ń kọsẹ̀, bí ẹni tó ń gbé e láti ilé bàbá rẹ̀ bọ̀.

“Mo ti pa á rẹ́, mà. Èyí tí mo tẹ̀ yẹn… àwòrán àpótí ìdọ̀tí ni mo yà sí i lára.”

“Ìkẹrin?”

“Ìkẹrin ni, mà. Mo ya àwòrán sára gbogbo wọn. Mo rò pé yóò rọrùn fún àwọn èèyàn. Mi ò kọ orúkọ sí ìkankan nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Bínú? Bí ẹ bá rí ojú Moyọ̀sọ́rẹ nígbà náà, ẹ ó rò pé ẹbùn ni wọ́n fún un. Ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan náà, ṣubú sínú ihò tí òun náà ṣubú sí, lórí bọ́tìnnì kan náà.

Lójijì Japhet pariwo. “Mà! Ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Àpótí ìdọ̀tí ló ń lọ, ó máa ń wà níbẹ̀ fún oṣù kan.” Ó ń tẹ nǹkan. “Ẹ wò ó, èyí tí ẹ kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta náà nìyí. Ẹ̀rọ ló tọ́jú rẹ̀, kò pé, ṣùgbọ́n ó wà.”

“Ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi.”

Ó kà á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, pẹ̀lú ibi tó ti ń rìn àti ibi tó ti ń dúró. Ó rí i pé òun ti di etí tábìlì mú láti ìgbà tí Japhet ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́rú, Japhet fúnra rẹ̀ wá sí Barnawa, ó jókòó sí pálọ̀ wọn láti òwúrọ̀. Ó fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí ẹ̀rọ lè pè. Ó ṣe àpótí ímeèlì náà kó lè ṣí kó sì pa dé bí èèyàn bá fẹ́. Ó yọ àdììtú àtẹ̀gùn kúrò, ó fi nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rọ́pò rẹ̀. Ó fi àkọlé sí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí etí lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bó bá ti ṣe ọ̀kan, Moyọ̀sọ́rẹ á dán an wò, Zulaiha náà á sì máa dán tirẹ̀ wò lórí fóònù. Nígbà míì ó máa ń ní, “Kò tíì dáa o!” Japhet á mí kanlẹ̀, á tún un ṣe.

Àwòrán ló gbà wọ́n lákòókò jù, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní láti ní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ akàwé yóò kà nípò rẹ̀. Sí abẹ́ èyí tó wà lójú ewé àkọ́kọ́, Japhet kọ pé, “Àwòrán obìnrin.”

“Obìnrin wo?” Moyọ̀sọ́rẹ bi í. “Kí ló ń ṣe?”

“Hajiya ni. Ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.” Ó wò ó dáadáa. “Ó wé gèlè pupa. Eyín rẹ̀ ní èjí.”

“Hajiya ní èjí?”

“Ó ní, mà. Ó tóbi.”

Ọdún márùn-ún tó ti mọ Hajiya, kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún un rí. Ó jókòó, ó ń fi ojú inú wo èjí náà, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun. “Kọ ọ́ sí i,” ló wí. “Kọ gbogbo rẹ̀ sí i.”

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun nìkan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ohùn náà kà á lọ: “Tọ́jú rẹ̀, bọ́tìnnì. Wò ó ná, bọ́tìnnì. Gbé e jáde, bọ́tìnnì.” Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà ní, “Àkọsílẹ̀ yín ti jáde.”

Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Fóònù dún. “Àǹtí!” Zulaiha ń kígbe. “Mo ti kà á tán! Aago mẹ́sàn-án ni, Trikania, kí èèyàn mú oògùn tó bá ń lò dání. Yauwa!”

Moyọ̀sọ́rẹ dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀lé ògiri. Jonah ń ṣa ewé màǹgòrò tó já sílẹ̀, kò tíì lọ síbi iṣẹ́.

“Bàbá Dára, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Àìkú…”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“O mọ̀ ọ́n.”

Jonah ju ewé sílẹ̀. “Ó jáde?”

“Ó jáde. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.”

Ó gbọ́ bó ṣe tú èémí sílẹ̀, èémí ẹni tó ti ru nǹkan láti ọ̀sẹ̀ kan wá tí kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ó sún mọ́ ọn, ó fi èjìká ti èjìká rẹ̀, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí Jonah fi ní aago ń lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìlà àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn Trikania jáde dé ẹnu géètì. Moyọ̀sọ́rẹ jókòó nítòsí tábìlì dókítà, ó ń gba orúkọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, obìnrin kan jókòó síwájú dókítà. Ohùn rẹ̀ jọ ti olùkọ́, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ṣáká. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú òun ló máa ń ṣú díẹ̀, pé òun kò kà á sí, ọmọ òun ló ka nǹkan kan fún òun lórí fóònù tó ní kí òun wá. Dókítà wọn ojú rẹ̀. Ó tún un wọ̀n.

“Ìfúnpá yín ga,” ni dókítà wí. “Ṣùgbọ́n kò tíì ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa kán oògùn sí i lójoojúmọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹ tètè dé, mà. Ẹ tètè dé gan-an.”

Obìnrin náà ní, “Ọlọ́run, mo dúpẹ́,” jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìlà gbọ́.

Ọwọ́ Moyọ̀sọ́rẹ dúró lórí kíbọọ̀dù. Kò sọ fún un pé òun ló kọ ọ́. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Jonah wá fi mọ́tò gbé e. Ó ra mááṣà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, sínú ọ̀rá, ó ṣì gbóná. Moyọ̀sọ́rẹ jẹ méjì, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, oorun sì ti gbé e lọ kí wọ́n tó yọ sí Kakuri lójú ọ̀nà ilé.